Ọwọ́ Ọmọ Ni Kó Ṣe É: Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Ọnà àti Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Pámárì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Oṣù tó kọjá la ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí CCA, ìyẹn Cultural and Creative Arts táwọn ọmọ wa ń ṣe ní pámárì, pẹ̀lú apá tẹkinọ́lọ́jì tó wà nínú Basic Science and Technology, lẹ́tà wá ń wọlé títí di àná. Àwọn tíṣà ló pọ̀ jù, àwọn òbí náà ò gbẹ́yìn, kódà ẹnì kan kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí mo mú síbí ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kan ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà Ìwé Kẹta ni mí níléèwé ìjọba kan n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní 60, bẹ́ǹṣì ò tó wọn, kíréyọ̀nù ò sí, péńtì ò sí, àwọn òbí míì gan-an ò rówó pẹ́ńsùlù. Tó bá ti di pírọ́ọ̀dù CCA, màá ya máńgòrò sójú pátákó, màá ní kí wọ́n yà á sínú ìwé wọn, màá wá máàkì. Ká sòótọ́, ó ti sú mi, ó sì ti sú àwọn náà. Kí ni mo lè ṣe tí ò ní ná mi lówó? — Tíṣà Ìwé Kẹta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ kú làálàá. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ tó lé ní 60 nínú yàrá kan ṣoṣo, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ohun tápá yín á ká ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò nídìí máńgòrò ojú pátákó yẹn. Ẹ̀yin lẹ rò ó, ẹ̀yin lẹ pinnu bó ṣe máa rí, ọwọ́ yín ló yà á, ọmọ wá jókòó ó ń da ìlà tẹ́ ẹ fà kọ, kò wo máńgòrò kankan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ mú nǹkan gidi wá. Kò dìgbà tó bá jẹ́ àsìkò máńgòrò, ìkòkò lè ṣe é, bàtà lè ṣe é, agogo iléèwé lè ṣe é. Ẹ gbé e sórí tábìlì láàárín kíláàsì, kí wọ́n jókòó yí i ká, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù fún bí ìṣẹ́jú méjì, ojú nìkan ni kí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ẹ máa bi wọ́n: ibo ló fẹ̀ jù lára ẹ̀? Ṣé ọrùn ẹ̀ gùn àbí ó kúrú? Apá ibo ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bà á, apá ibo ló dúdú? Lẹ́yìn yẹn kí wọ́n wá yà á. Ọmọ tó jókòó lápá ọ̀tún ò lè rí ohun tẹ́ni tó wà lápá òsì rí, nítorí náà tí àwòrán gbogbo kíláàsì bá ṣì jọra, á jẹ́ pé ìwé ara wọn ni wọ́n wò, wọn ò wo ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ fífojú wo nǹkan dáadáa yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa o. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà múlẹ̀ láwọn iléèwé wa. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya èèyàn kó jọ èèyàn, ó ti kọ́ ara ẹ̀ láti kékeré, ó lọ kọ́ ọ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, nígbà tó padà dé ní 1922 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ iléèwé l'Ékòó bí ojú ṣe ń rí nǹkan tó jìnnà àti èyí tó súnmọ́. Òun náà ló ń rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti ìlú òyìnbó ní 1927. Murray ní tiẹ̀ fẹ́ kí ọmọ gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ ẹ̀, amọ̀ mímọ, igi gbígbẹ́, aṣọ híhun. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa fi àwọn méjèèjì ta ko ara wọn, èmi ò rí ìjà níbẹ̀, torí ọmọ tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìkòkò dáadáa lọ́sẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá gbé amọ̀ lé e lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó rí i pé ìkòkò tó máa mọ á yàtọ̀.

Ó wá ku péńtì. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èédú bíi méjì wá látilé. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, ẹ jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, dúdú ti délẹ̀. Amọ̀ pupa tẹ́ ẹ gbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, tẹ́ ẹ sá gbẹ, tẹ́ ẹ lọ̀, tẹ́ ẹ jọ̀, ìyẹn ni pupa. Ẹfun ni funfun, wọ́n ń tà á lọ́jà. Ohun tó máa mú kó lẹ̀ mọ́ bébà ni sítáàṣì, ẹ po láfún díẹ̀ sínú omi tútù, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí tó fi máa ki, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá dà á mọ́ èédú tàbí amọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi kun bébà kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó pín in. Tó bá gbẹ tán tẹ́ ẹ fọwọ́ rá a, tó wá ń yí yín lọ́wọ́, sítáàṣì ẹ̀ ò tó, ẹ fi kún un. Ẹ má ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan o, torí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń rùn. Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, pákò tí wọ́n ti fi eyín rún orí ẹ̀ títí tó fi tú, búrọ́ọ̀ṣì gidi ni, kí oníkálùkù sáà rún tiẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ náà dáa fún ìlà tíńrín, òun làwọn ìyá alàdìrẹ wa fi ń yàwòrán sára aṣọ látọjọ́ tó ti pẹ́. Bébà ńkọ́? Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà òkú àti ìgbéyàwó tó wà nílé gbogbo wa, inú páálí Indomie, kò sí ilé tí ẹ ò ti ní rí i.

Ẹ má gbìyànjú pé kí ọmọ 60 kun péńtì lọ́jọ́ kan náà, wàhálà lẹ ń kó bá ara yín. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá, ọ̀wọ́ méjì péré ni kó kun péńtì lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn tó kù wà níta lábẹ́ igi kí wọ́n máa ya ohun tí wọ́n bá rí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ yí i. Ó dáa kẹ́ ẹ bá hẹ́ẹ̀dìmásítà yín sọ ọ́ kó so pírọ́ọ̀dù méjì pọ̀, torí pírọ́ọ̀dù kan, kí wọ́n tó fọwọ́ tán agogo ti lù.

Tó bá wá di ti máàkì, jọ̀ọ́ tíṣà mi, ẹ má fún èyí tó rẹwà jù nìkan ní máàkì tó pọ̀ jù. Ẹ bi ọmọ léèrè pé kí ló dé tó fi ya nǹkan yìí síbí, kí ló máa yí padà tó bá tún un ṣe. Ọmọ tó bá rí ìdáhùn sọ ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, bí ìkòkò ẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, mo kí yín o. Ọmọ mi wà ní Ìwé Karùn-ún l'Abẹ́òkúta níbí, common entrance ò sì ní pẹ́ dé. Gbogbo táàmù ni wọ́n ń ní kí n ra ìgbálẹ̀ méjì àti abẹ̀bẹ̀ kan fún handwork. Màá rà á lọ́jà, ọmọ á gbé e lọ, wọ́n á fún un ní 8 nínú 10. Mo bi í pé kí ló kọ́, ó ní òun ò kọ́ nǹkan kan. Ẹnjiníà ni mo fẹ́ kó ṣe, ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ kí wọ́n yọ iṣẹ́ yìí kúrò, kí wọ́n fi àkókò ẹ̀ ṣe máàtì? — Bàbá Àkànní, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Bàbá Àkànní, ẹjọ́ yín tọ́ lórí ìgbálẹ̀. Ohun tí bàbá fowó rà lọ́jà, tí ìyá kan ní Òdèdá ló họ ọ́ tó sì dì í, kò sí bá a ṣe lè pè é níṣẹ́ ọwọ́ ọmọ. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i, torí àwọn tó kàwé láyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 á sọ fún yín pé àwọn fúnra àwọn làwọn hun agbọ̀n àti ẹní táwọn gbé lọ síléèwé. Àmọ́ ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn yín ni pé kí wọ́n yọ ọ́. Ká dá a padà sọ́wọ́ ọmọ ló kù.

Ẹ lọ bá tíṣà ẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́, ẹ ní dípò ìgbálẹ̀ tó ti dì, imọ̀ ọ̀pẹ lẹ máa kó wá. Kí àwọn ọmọ jókòó kí wọ́n họ ọ́ fúnra wọn. Tí wọ́n bá họ ọ́ tán, ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n mú ẹyọ kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, á kán. Kí wọ́n mú 20 pọ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n so ó nídìí, kí wọ́n tún so ó lágbedeméjì, kí wọ́n wò ó bóyá èyí ló ń gbá iyẹ̀pẹ̀ dáadáa àbí tọ̀hún. Kí tíṣà wá gbé iṣẹ́ gidi kalẹ̀ fún wọn: ìyá àgbà kan wà nílé tẹ́yìn ń dùn, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹ ṣe ìgbálẹ̀ tó máa lè fi gbálẹ̀ lóòró. Ọmọ á ronú igi wo ló máa gùn tó, báwo ni wọ́n ṣe máa so ó tí ò fi ní máa yọ, á yà á sínú ìwé ná, á ṣe é, á gbé e fún ìyá àgbà kó dán an wò, ìyá á ní ó wúwo jù, ọmọ á tún un ṣe. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń fi gbogbo ayé wọn ṣe nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé orí ìgbálẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo mọ́tò agolo sàdíìnì táwọn ọmọ máa ń wọ́ káàkiri àdúgbò. Ẹ jẹ́ kó ṣe é nílé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin sáà bá a fi òòlù tẹ etí agolo yẹn mọ́lẹ̀ kó má gé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì bá a di bíléèdì mú. Ó máa gé táyà mẹ́rin lára sílípáàsì tó ti já, á lu ihò síbi tó rò pé ó jẹ́ àárín, á ti igi tíńrín bọ̀ ọ́, á gbé e sílẹ̀, mọ́tò á máa tiro bí ẹni tẹ́gùn-ún gún lẹ́sẹ̀. Kí ló dé? Ihò ò bọ́ sáàárín. Ẹ má tètè sọ fún un, ẹ jẹ́ kó wò ó ná. Tó bá sú u, ẹ fún un ní bébà, kó gbé ìdérí ìgò kóòkì lé e kó fi pẹ́ńsùlù yí i po, kó gé òbìrí yẹn, kó ká a sí méjì, kó tún ká a sí méjì, kó wá tú u. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín gan-an. Kó gbé e lé táyà, kó lu ihò ẹ̀ síbẹ̀. Máàtì tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn, ọmọ ò sì ní gbàgbé ẹ̀ láéláé torí mọ́tò ẹ̀ ti dúró ṣinṣin.

Ìṣòro kejì tó máa rí ni pé táyà ò ní fẹ́ yí, igi yẹn á máa ha etí ihò agolo. Kó wá bírò tí yíǹkì ẹ̀ ti tán, kó yọ inú ẹ̀ sọnù, kó fi èèpo ẹ̀ gba inú ihò agolo méjèèjì kọjá, kí igi táyà wá máa yí nínú bírò yẹn. Ẹ ó rí bí mọ́tò ṣe máa sáré. Tẹ́ ẹ bá bá a wo ìdí táyà ọkọ̀ yín lọ́jọ́ kejì, tẹ́ ẹ fi ibi tí bíàrìn wà hàn án, ohun tó ti fọwọ́ ara ẹ̀ yanjú ló máa rí níbẹ̀.

Lórí ìdánwò, ẹ má fòyà. Quantitative reasoning tí ọmọ ń ṣe yẹn, àwòrán kún inú ẹ̀, èwo ló kàn lára àwọn àwòrán yìí, tá a bá yí i padà báwo ló ṣe máa rí, ọmọ tó ń gé tó ń ká bébà lójoojúmọ́ á fi ojú rí ìdáhùn kíákíá. Tó bá sì dé JSS3, CCA wà lára ohun tí wọ́n máa ṣe ní BECE, ìyẹn ìdánwò àṣeparí JSS.

Ẹ jẹ́ n fi ẹnì kan ṣàpẹẹrẹ fún yín. Demas Nwoko, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kì í ṣe ilé yíyà. Òun ló wá ya Cultural Centre tó wà ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn àti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican, ìyẹn àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, tó wà nílùú yẹn náà. Ní 2023 Venice Architecture Biennale, àfihàn ńlá kan lórí ilé yíyà nílẹ̀ Ítálì, fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ráyè dé Ìbàdàn, ẹ mú Àkànní dání, kẹ́ ẹ jọ wo bí wọ́n ṣe fi igi àti irin dárà síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú ilé kọjá. Ẹ ní kó yà á.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo kí ẹ o. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ òsì ló fi ń yàwòrán tó sì fi ń gé nǹkan. Tíṣà ẹ̀ máa ń nà án lọ́wọ́ òsì, èmi náà sì ń bá a wí, àmọ́ tó bá fọwọ́ ọ̀tún ṣe é, ṣe ni gbogbo ẹ̀ ń wọ́. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Àgbà, Òṣogbo

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá tíṣà sọ ọ́ kó má nà án mọ́. Kò burú kẹ́ ẹ kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń nawọ́ nǹkan ságbà, ọmọ Yorùbá ni, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Àmọ́ ti pẹ́ńsùlù àti sísọ́ọ̀sì yàtọ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ jẹ́ kó lo ọwọ́ tó dán mọ́rán fún un. Ohun kan tẹ́ ẹ lè ṣe fún un ni ti sísọ́ọ̀sì. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, tó bá fọwọ́ òsì dì í mú, irin ẹ̀ á bo ìlà tó fẹ́ gé mọ́ ọn lójú, á sì máa ká bébà dípò kó gé e. Wọ́n ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì, tẹ́ ẹ bá lẹ́ni tó ń bọ̀ láti Èkó kó bá yín wò ó. Títí dìgbà yẹn, kó máa fi rúlà tẹ bébà kó ya á, ó máa ń já gaara. Kí tíṣà sì fi í síbi tí ìgunpá ẹ̀ ò ti ní máa gbá ti ẹni tó jókòó tì í.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Peckham ni mo ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọbìnrin mi wà ní Year 4. Táàmù yìí wọ́n ní kó ṣe tọ́ọ̀ṣì, táàmù tó kọjá sáńwíìṣì ni, wọ́n tún ní kó kọ ohun tó dáa àti ohun tí ò dáa nínú ẹ̀ sílẹ̀. Dádì ẹ̀ ń bínú, ó ní ṣé torí sáńwíìṣì la ṣe wá sí ìlú òyìnbó. Ẹ là á yé wa. Ṣé mo sì lè fi nǹkan tiwa bọ̀ ọ́? — Ìyá Ìbejì, Peckham

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ bá mi kí dádì wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀. Ní England, Design and Technology ti wà nínú National Curriculum láti 1990, ó dá dúró lọ́tọ̀, Art and Design náà dá dúró. Èyí tí wọ́n ń lò látọdún 2014, ohun tó béèrè ni pé kí ọmọ ronú nǹkan fún ẹnì kan tó máa lò ó, kó ṣe é, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ sísè náà wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni sáńwíìṣì ti wọlé. Láàárín ọdún 7 sí 11 ni wọ́n ń fi ojú ọmọ mọ gíà, púlì, lífà, àti iná tó ní bátìrì, gílóòbù àti súwíìṣì, ìyẹn ni tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀ lójú tèmi ni kíkọ ohun tí ò dáa sílẹ̀ yẹn. Àwa òbí Yorùbá máa ń rò pé tọ́mọ bá kọ àléébù iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, máàkì ẹ̀ á wálẹ̀. Rárá o, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Tí tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ bá ń tàn tó ń kú, ẹ má bá a tún un ṣe lóru kó tó gbé e lọ. Ẹ ní kó wá ibi tí wáyà ò ti kanra.

Ní ti nǹkan tiwa, ẹ gbé ewé mọ́ínmọ́ín síwájú ẹ̀. Wọ́n ń ta ewé yẹn láwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Peckham, tẹ́ ẹ ò bá rí i ẹ lo bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì. Ẹ ní kó ká a kó gba ife omi kan láìjò, láìlo gọ́ọ̀mù, láìlo okùn. Ẹ ó rí i pé ó le díẹ̀, á yí i, á ká ìdí ẹ̀ sẹ́yìn, á jò, á tún un ká. Ẹ wá fi bí màmá yín ṣe kọ́ yín hàn án. Páálí mílíìkì tó wà nínú fíríìjì yín, ẹ ní kó tú u kó wò ó, káká bébà kó má jò ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Dùndún náà dáa, ó ń fi ojú hàn ọmọ pé tí apá bá tẹ ọṣán, awọ á le, ohùn á lọ sókè.

Tó bá di họ́lídè, ẹ mú wọn lọ sí British Museum, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n rí orí idẹ Ifẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ìlà tó gba ojú ẹ̀ kọjá wálẹ̀. Ẹ tún lọ sí National Maritime Museum ní Greenwich, ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí Yinka Shonibare ṣe wà níta níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí Trafalgar Square ní 2010, ìgbòkun ẹ̀ rí bí àǹkárá. Ọmọ wa tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó dàgbà l'Ékòó ló ṣe é, ó yẹ káwọn ìbejì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Hẹ́ẹ̀dìmísírẹ́ẹ̀sì ni mí níléèwé aládàáni kan l'Ékìtì. A fẹ́ kí àwọn ọmọ Ìwé Kẹrin ṣe àdìrẹ fún ìparí ọdún, ẹni tá a pè ní òun á kó kọ́sítíìkì àti háídírò, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró, wá, pé ọ̀sán kan péré la fi máa ṣe é tán. Ọkàn mi ò balẹ̀. — Hẹ́ẹ̀dìmísírẹ́ẹ̀sì, Èkìtì

Ìdáhùn: Ọkàn yín ò yẹ kó balẹ̀ mà. Kọ́sítíìkì sódà ń bó ara, tó bá ta sójú ọmọ ó lè fọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá sì da omi sí i ó ń hó ó ń gbóná. Háídírò náà, òórùn ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa fà símú. Kí ọmọ kankan má sún mọ́ ìkòkò aró yẹn. Ìda àbẹ́là gbígbóná tí àwọn kan máa ń yọ́ sórí aṣọ, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má pa àdìrẹ rẹ́, torí rírẹ ẹ́ sínú aró, apá kékeré ni. Iṣẹ́ ọmọ wà nínú ríronú ohun tó máa wà lára aṣọ. Ẹ sọ ìtàn Ìbàdàndùn fún wọn, àwòrán àdìrẹ tí àwọn ìyá fi òpó gbọ̀ngàn Mápó ṣe. Ẹ wá bi wọ́n pé, tó bá jẹ́ ìlú tiyín ńkọ́? Kí ló wà níbẹ̀? Òkè ni, ọjà ni, ààfin ni, iṣu ni? Kí oníkálùkù ya tiẹ̀ sínú bébà tí wọ́n pín sí àpótí mẹ́rin, kí wọ́n yan èyí tó bá ṣeé ṣe lójú aṣọ, torí ìlà tó bá kéré jù á parẹ́. Ẹ fún ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀sán kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ funfun, tẹ́rú lè ṣe é. Láfún ni kẹ́ ẹ sè kó ki, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà á sójú aṣọ. Àwọn alàdìrẹ máa ń fi álọ́ọ̀mù àti òkúta búlúù kan sí i kó má bàa tètè bó, òkúta búlúù yẹn májèlé ni, ẹ yọ ọ́ kúrò ní tiyín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kó tó wọ aró. Àwọn tí ọwọ́ wọn ò tíì le tó ìyẹ́, kí wọ́n ṣe oníko: kí wọ́n fi ìko so òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kóró àgbàdo mọ́ aṣọ, kí wọ́n so ó le gan-an, ibi tó bá dẹ̀ aró á wọ̀ ọ́.

Kí àgbàlagbà kó aṣọ wọ̀nyẹn lọ sọ́dọ̀ aláró ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, kó rẹ ẹ́, kó ṣan án dáadáa pẹ̀lú omi púpọ̀, kó sá a. Ohun tó máa padà wá síléèwé ni aṣọ tó ti gbẹ tí ìko ṣì wà lára ẹ̀, kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ tú u. Ariwo tí wọ́n máa pa lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́fíìsì yín. Kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n so orúkọ mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò níléèwé, lára awẹ́ tẹ́rú tí wọ́n fi bírò tí kì í ṣí kọ, torí tí aṣọ bá dàrú, ẹkún lẹ máa rẹ̀. Lọ́jọ́ ìparí ọdún, ẹ so aṣọ àti bébà tí wọ́n kọ́kọ́ yà á sí kọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọmọ dúró tì í, kó ṣàlàyé fún àwọn òbí bó ṣe ṣe é.